Epo CBD àti Ẹ̀jẹ̀ Godi
Ìró tí Annelies kọ́kọ́ mọ̀ ní Emmental, àfonífojì àwọn tó ń ṣe wàràkàṣì, ni ti ìyá àgbà rẹ̀ tó ń fọ́ pòròpórò igbó, irú èyí tí àwọn kan ń mu bíi sìgá, láti fi ṣe okùn. Nítorí náà, kò fòyà nígbà tí Res aládùúgbò, tó ń ta epo CBD tí wọ́n yọ lára igbó, gbé e wá kí Godi, ọkọ rẹ̀, máa mu ún nítorí orúnkún tó ń dùn ún.

"Ṣé dókítà ló máa wá fi igbó hàn wá ni?" ni Annelies wí.

Wọn kò sọ fún dókítà. Epo náà mú kí oògùn tí dókítà ti fún Godi tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa dì lágbára jù. Ẹ̀jẹ̀ ya sí i lọ́pọlọ, ó sì kú.

Res wá kí Annelies kú ọ̀fọ̀. "Má bínú, ìyàwó."

"Ṣé o ṣì ń tà á?"

"Àwọn èèyàn ń béèrè..."

"Jáde nílé mi, òpònú!"

Ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé tí òun àti Godi ń kó wàràkàṣì wọn sí, ó sì ń fi omi iyọ̀ nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí dórí èyí tó kẹ́yìn.