Fèrèsé Ẹ̀yìn Ọ́fíìsì Àfúsá

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Àfúsá Àjàlá ti fi ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìléwó. Nígbà tó débẹ̀, fèrèsé onígi wà níwájú, ó wà lẹ́yìn. Bó bá ti ṣí wọn láàárọ̀, atẹ́gùn á gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn jáde, ara á sì tu gbogbo wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n fi pákó dí fèrèsé ẹ̀yìn, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù wá. Yàrá tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí fífọ́ àti ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, jẹnẹrétọ̀ sì ń mu epo bí ẹní mu omi.

Lọ́jọ́ kan, ẹnjiníà ọmọbìnrin kan, Fìyìnfólúwa, wá yẹ afẹ́fẹ́ inú ilé náà wò.

Ó ní, “Ẹ̀yin ará ibí, èémí tí ẹ mí síta náà lẹ tún ń mí sínú.”

Àfúsá dìde, ó fọwọ́ kan pákó náà. “Ọmọ mi, ibí yìí ni atẹ́gùn ń gbà jáde nígbà tiwa.”

“Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jẹ́ ká ṣí i.”

Láàárọ̀ ọjọ́ tí káfíńtà yọ pákó, atẹ́gùn wọlé, ó sì tú ìwé orí tábìlì ká. Àfúsá rántí Christianah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti dolóògbé, tí wọ́n jọ máa ń sáré ṣa irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.