Ìgò Kékeré Inú Ògiri

Bí àbúrò ìyá mi bá ti mọ ògiri kan tán, á fi ìka kàn án kọ́kọ́kọ́, á gbé etí lé e, á ní, "Ó ti dúró." Bíríkìlà ni, òun ló kọ́ ilé wa ní Òmù-Àrán. Ìgò ọtí kékeré kan kì í kúrò lápò rẹ̀. Bí ìyá mi bá bá a wí, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí kò kún ọwọ́, kí ló fẹ́ fi mí ṣe?"

Lọ́jọ́ tí ìlú péjọ sí gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń jiyàn bóyá kí wọ́n fòfin de títa ìgò kékeré wọ̀nyẹn, obìnrin kan tó ń tà á ní gáréèjì sọ pé ọtí tó kéré báyẹn ò lè pa ẹnikẹ́ni. Àbúrò ìyá mi dìde.

"Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fòfin dè é. Tí mo bá ti rí i, mi ò lè kọjá."

Ẹnì kan pariwo pé, "Bíríkìlà, èyí tó wà lápò ẹ ńkọ́?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó rọra jókòó. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, wọn ò sì tíì padà sí i.

Ẹ̀dọ̀ ló pa á.

Lóṣù tó kọjá, a fọ́ ògiri ilé ìdáná láti fẹ ojú fèrèsé. Ni ìgò kéékèèké bá ń já bọ́ látinú ihò búlọ́ọ̀kù, níbi tí àbúrò ìyá mi ń kó wọn pamọ́ sí nígbà tó ń kọ́ ilé náà, kí ìyá mi má baà rí wọn. Ìyá mi fi ìborùn kó wọn jọ. Ó ní, "Àbúrò mi bẹ̀ wá."

Mi ò lè wò ó lójú. Mo wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín.