Ògiri Tí Mo Mọ sí Ojú Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Ojú mi yìí ló rí i. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu arìnrìn-àjò, wọn kò rò ó fún mi ní ìdí ayò. Mo wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbẹ́ ihò òpó àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpò tí mo kúrò ní Ẹ̀pẹ́ láìdágbére. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, bí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ìjì ló ṣe é, jẹ́ kó máa sọ tirẹ̀. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Òórùn èbúté náà ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi nímú. Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan lórí ààrò, èéfín igi tútù, àti imọ̀ ògùrọ̀ tó ti rà sínú ẹrẹ̀ etí omi. Bí o bá sùn níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta péré tí o padà sí Ìkòròdú, ìyàwó rẹ á mọ ibi tí o ti ń bọ̀ kí o tó la ẹnu. Títí di òní, bí wọ́n bá ń yan ẹja ní àdúgbò wa, mo máa ń dìde kúrò níbi tí mo bá jókòó sí. Wọ́n rò pé èéfín ló ń ta mí lójú.

Ní ìgbà tí mò ń wí yìí, òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìwé kejì ni mo kà dé tí bàbá mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ìwé tó lè fi ojú lásán wo òpó kó sọ pé ó fi ìka kan wọ́, bí èmi ti ń ṣe é. Iṣẹ́ kápẹ́ńtà àti iṣẹ́ bíríkìlà, méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Lọ béèrè ní Lásùnwọ̀n, lọ béèrè ní Ìtámágà, ta ló gbé òrùlé tí òjò kò tíì rí ojú rẹ̀ wọlé láti ìgbà náà? Èmi ni. N kò parọ́, n kò sì fi kún un.

Atukọ̀ kan wà nígbà náà tó máa ń bá mi fi ọkọ̀ kó pákó. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, eyín iwájú rẹ̀ ní àlàfo, ẹ̀rín kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni olórí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ní èbúté wọn. Àwọn obìnrin náà ní àtíbàbà kan tó ti ń wó, wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ́ òmíràn. Atukọ̀ yìí ló ní, “Mo mọ ọ̀gá kan ní Ìkòròdú. Ẹnu rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ náà pọ̀.” Òun ló júwe mi. Má gbàgbé ìyẹn.

Mo bá àtíbàbà náà lórí ìdúró. Òpó ògùrọ̀ ni wọ́n fi gbé e ró, ìdajì rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, ìdajì wà lórí omi, imọ̀ ni wọ́n fi bò ó. Kò ní ògiri kankan. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀sà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó kírun, atẹ́gùn a sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá tí oorun á máa kùn èèyàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igi ògùrọ̀ méjìlá hù sínú omi. Bí ìjì bá lé atukọ̀, àárín àwọn igi náà ló máa sá wọ̀, nítorí ìgbì kì í lágbára níbẹ̀.

Wọ́n sì ní àṣà kan. Bí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni bá ṣì wà lórí omi, ẹni tó jókòó ní àtíbàbà kò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí ọ̀sà. Kì í ṣe òfin tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀. Mo rí obìnrin méjì tí wọ́n ń jà bí ológbò, tí wọ́n ń bú ìyá ara wọn, síbẹ̀ àwọn méjèèjì kọjú sí omi bí wọ́n ti ń bú u. Ọkọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n so mọ́ òpó, àjẹ̀ méjì kì í kúrò nínú rẹ̀. Bí ojú wọn bá rí ọkọ̀ tó ń jìyà, wọ́n á lu agbada irin gbàágbàá, àwọn ọkùnrin á sì já lu omi. Mo rí gbogbo èyí ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo rí i, mo sì fi rẹ́rìn-ín.

Ìyá náà mú mi rìn yí ibẹ̀ ká. Obìnrin kúkúrú ni, ó fi ìborùn funfun wé orí, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó fi ọwọ́ han ọ̀sà, ó ní, “Kápẹ́ńtà, ibí yìí, má mọ nǹkan kan sí i. Mo fẹ́ máa rí omi. Ọmọ mi wà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ilé tí n ó kọ́ fún yín, àwọn òyìnbó á dúró wò ó.”

Ó ní, “N kò ní kí òyìnbó wò ó. Mo ní kí n rí omi.”

Mo dáhùn pé ó dára. Mo dáhùn bí a ti ń dá ọmọdé lóhùn. Ṣé o rí i, ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ọ̀nà ni ilé ń kọjú sí, ẹ̀yìnkùlé ni a ń da omi sí. Bí mo ṣe wo ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nìyẹn: bí ẹ̀yìnkùlé. Mo fi ẹfun ya ilé náà sórí pákó kan, mo kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà tí lọ́rì ń gbà, mo fún un ní ilẹ̀kùn gbẹ̀ǹgbẹ̀, mo mọ ògiri sìmẹ́ǹtì yí i ká, mo sì fi páànù bò ó. Sí ìhà ọ̀sà, fèrèsé kékeré méjì ni mo fi sí i, lókè, bí ti kọ́ọ̀tù. Mo wó àtíbàbà àtijọ́ nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Mo gé igi ògùrọ̀ méjèèjìlá kí n lè fi wọ́n ṣe àkàbà tí a ń gùn ṣiṣẹ́, kí etí omi sì mọ́ tónítóní. Lókè ilẹ̀kùn, kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, mo fi ìṣó kọ orúkọ ara mi. Lẹ́tà mẹ́ta nínú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síwájú, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ nígbà náà.

Ọjọ́ tí a gbé òrùlé lé e, atukọ̀ náà dé láti ọjà Èjìnrìn. Ó dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ilé náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, ilé yín àti ọ̀sà ń jà ni? Ó kẹ̀yìn sí i bí ìyàwó tí wọn ò ra aṣọ ọdún fún.”

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí. Mo ní, “Ìwọ tí o ń gbé inú ọkọ̀, kí lo mọ̀ nípa ilé?”

Ó ní, “Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá igi kan sí, ó kéré tán, kí n rí ibi sá sí.”

Nínú méjèèjìlá, ọ̀kan ṣoṣo ni a kò tíì gé nígbà náà. Mo pe ẹni tó mú àáké, mo ní kó gé e lójú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti ṣe láyé mi tí n kò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí igi yẹn ṣubú sínú omi, tí mo yíjú wò ó láti mọ̀ bóyá ó ti ká a lára, ìgbà náà kì í kúrò lójú mi. Ẹ̀rín ló kàn rín. Ó ní, “Ó dáa, ọ̀gá,” ó sì tu ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo kun ilé náà ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Mo kan pákó mọ́ fèrèsé méjèèjì tó kọjú sí ọ̀sà kí òjò má baà fọ̀ ọ́ dànù. Lẹ́yìn ìrun àìlà lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú láti ìhà Èjìnrìn, afẹ́fẹ́ dìde, òjò sì dé wìì. Gbogbo àwọn obìnrin èbúté sá wọlé tèmi. Wọ́n tó ogún. Mo dúró láàárín wọn bí ọkọ ìyàwó. Òjò ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta, a kò gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ àfi tí a bá pariwo. Mo sì ń pariwo. Mo ní, “Ẹ wo orí yín! Ìkán òjò kan ha kàn yín? Ní àtíbàbà yín àná, gbogbo yín ì bá ti rin gbindin!”

Wọ́n ń dúpẹ́. Ìyá náà nìkan ni kò jókòó. Ó lọ síbi ògiri ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ kan án, ó wo òkè níbi tí fèrèsé wà.

“Kápẹ́ńtà, ṣí nǹkan yìí.”

“Ìyá, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ.”

“Ọmọ mi lọ sí Èjìnrìn láàárọ̀.”

“Ìyá, ọmọ yín tó mọ omi ju ẹja lọ! Ó ti sá síbì kan.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá náà yípadà, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ yí ilé náà po nínú òjò. Mo gbá a lọ́wọ́ mú. Kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú o. Pẹ̀lú ẹ̀rín ni, bí ọmọ rere. Mo ní òjò á pa á, mo ní kí ni ó fẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ nípa ilé mi, pé olórí ẹlẹ́ja wà lóde tí òjò ń pa á? Mo fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo kàn fúnra mi. Ó sì jókòó, nítorí pé àlejò mi ni, ó bọ̀wọ̀ fún mi nínú ilé tí mo kọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà nítorí pé bẹ́ǹṣì mi kò fún un ní ibòmíràn tó lè kọjú sí.

Mo ti sọ pé ojú mi rí gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ojú mi kò rí, ohun náà kò sì jìnnà sí mi ju bí èèyàn ṣe lè sọ òkò lọ. Ògiri mi ló wà láàárín wa.

Nígbà tí òjò dá, ọkùnrin kan rá wọlé láti inú ẹrẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì bó. Oníṣòwò ìkòkò ni, ó wọ ọkọ̀ atukọ̀ náà bọ̀ láti Èjìnrìn, òun àti obìnrin ẹlẹ́ní kan. Ó wo gbogbo wa yíká, aṣọ wa gbẹ, ó ní, “Ṣé inú ibí lẹ wà?”

Ó fi ọwọ́ han òrùlé.

Ó ní, “A rí páànù yín. Ó ń tàn. A pè yín títí. Atukọ̀ wa ní ká má bẹ̀rù, ó ní ìyá òun wà níbẹ̀, ó ní wọ́n ń wò wá.”

Ìyá náà dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó jáde, ó yí ilé náà po lọ sí etí omi. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, èmi àti oníkòkò náà la ṣẹ́kù nínú ilé. Oníkòkò náà sọ fún mi, láìjẹ́ pé mo béèrè, pé ọkọ̀ náà ti dé ibi tí igi ògùrọ̀ wà tẹ́lẹ̀ kó tó dojú dé. Atukọ̀ náà ti darí rẹ̀ síbẹ̀. Bóyá nínú ìpayà ọwọ́ rẹ̀ gbàgbé pé mo ti gé wọn.

Wọ́n rí òkú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Lèmọ́mù kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Obìnrin ẹlẹ́ní náà, omi kò dá a padà. Kò sí ẹni tó bú mi. Bí wọ́n bá bú mi, ǹ bá rí ohun sọ. Ẹnu mi kò wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta mo mú òòlù ńlá, mo lọ sẹ́yìn ilé náà láti wó ògiri yẹn. Mo ti lù ú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i pé ìyá náà dúró lẹ́yìn mi.

Ó ní, “Fi í sílẹ̀.”

Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n ṣí i, kí ẹ lè máa rí omi.”

Ó ní, “Ta ni kí n máa wò?”

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí mo fi wọ lọ́rì. Ní Ìkòròdú, mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ìjì pa ènìyàn ní Ẹ̀pẹ́. Ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé, fún ọdún púpọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún mi, mo ṣì ń júwe ilé aláwọ̀ ewé yẹn fún un, mo ń sọ bí ìkán òjò kan kò ṣe wọ inú rẹ̀. Mo fi í gba iṣẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn obìnrin náà kò jókòó síbẹ̀ mọ́, pé wọ́n ri òpó tuntun mọ́ omi lápá kejì, wọ́n sì fi ilé mi pa igi ìdáná mọ́.

Mo ṣì ń kọ́lé, mo sì ṣì dára ju àwọn kápẹ́ńtà yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ fún àwọn tó ń dúró, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ òjò, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń bọ̀. Obìnrin tí kò mọ òòlù mú ló sọ ọ́ fún mi, ní gbólóhùn kan, kí n tó gbẹ́ ihò kankan, mo sì gbọ́ ọ. N kò lè sọ pé n kò gbọ́.

Ohun tó sọnù nìyí: àtíbàbà kan, igi ògùrọ̀ méjìlá, ọkọ̀ kan pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀, ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò kà, ìdì ẹní mẹ́fà, obìnrin kan, ọkùnrin kan.