Ọba inú Kàyé Mi

Títí di òní, bí òórùn èso kajú tó jábọ́ tó sì ń kẹ̀ lábẹ́ igi bá dé imú mi, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Àsìkò kajú ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ní abúlé kan láàrin Tchaourou àti Kika, nígbà tí ìjọba tiwantiwa ti pẹ́ tó ní ilẹ̀ wa débi pé àwọn ọmọ tí kò mọ ìjọba mìíràn ti ń dàgbà. Olùkọ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ni mí nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, lọ́sàn-án, àwọn àgbàlagbà mẹ́tàdínlógún máa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò kan, mo sì ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ka èdè wa tí a sì ń kọ ọ́. *Maître* ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo le koko lórí àmì ohùn ju bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ṣe ń le lórí ìwé ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Kutọnu ló fún mi ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó sì fi eré kan sínú rẹ̀. Eré náà kì í ṣe ti ìbọn. Àwòrán ilẹ̀ ayé àtijọ́ ni: ẹni tó ń ṣe é yóò yan ìjọba kan, yóò máa fẹ́ aya fún ọba, yóò máa fi ènìyàn joyè, yóò máa bá aládùúgbò jà tàbí kó bá a mulẹ̀, ọdún yóò sì máa yí lójú rẹ̀ bí ẹni ń ṣí ojú ìwé. Ọba á darúgbó, á lọ, ẹni tó jogún rẹ̀ á gorí ìtẹ́. Mo yan ìjọba kékeré kan létí òkun àwọn òyìnbó, nítorí mo rò pé ohun kékeré ni yóò rọ olùbẹ̀rẹ̀ lọ́rùn. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ìjòyè mi fi dìtẹ̀ mọ́ mi. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún dìtẹ̀. Iná mànàmáná kò dé abúlé wa, nítorí náà mo máa ń gun zẹ́mì, alùpùpù akérò wa, lọ sí Tchaourou láti fi iná sí bátìrì ẹ̀rọ náà lọ́dọ̀ aránṣọ kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Mo ń náwó, mo ń ná àkókò, àwọn ìjòyè mi sì ń lé mi kúrò lórí oyè.

Mo pinnu láti kọ àwọn ohun tó rú mi lójú ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo lè fi Faransé kọ ọ́, ìyẹn ì bá sì dópin síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kò sí ẹrù tí èdè wa kò lè gbé, mo sì fẹ́ fi han ara mi pé n kò parọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú eré náà ni mo wá orúkọ fún. Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ òkèèrè di ìjòyè. Ẹni tí yóò jogún adé di àrẹ̀mọ. Ilé olódi wọn di ààfin. Mo tún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣe títí òórùn Faransé kò fi kù lára wọn. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ti bá ara mi jiyàn. Ọba kì í kú lẹ́nu wa. Ọba a máa wàjà ni. Mo wá fi ìgbéraga ọ̀mọ̀wé dá ara mi lóhùn pé àwọn ọba wa nìkan ló ní àjà tí wọ́n ń wọ̀. Mo kọ *kú*.

Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́ sínú kàyé, ìwé àjákọ tí gbogbo wa ń lò: *Ọba mi ti darúgbó, ara rẹ̀ kò sì yá, báwo ni mo ṣe lè mọ ìgbà tí yóò kú? Bí ó bá kú, ṣé dandan ni kí àrẹ̀mọ jọba? Ìdílé méjì ló ń du oyè; kí ni mo lè ṣe tí wọn kò fi ní jà bí ọba bá kú? Ìjòyè kan ń dí mi lọ́wọ́. Ṣé ọ̀nà wà láti mú un kúrò láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé èmi ni?* Ìkarùn-ún ló burú jù: *Àrẹ̀mọ gbọ́n ju ọba lọ, ṣé mo lè mú kí ọba tètè kú?*

Ní àsìkò kan náà, ọba abúlé wa wà lórí ẹní àìsàn. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ọba ń sinmi. Ìdílé méjì ló ń jọba níbẹ̀, Ilé Òkè àti Ilé Odò, àwọn ọkùnrin wọn sì ti ń gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọ mọ́ṣáláṣí. Ẹ ó béèrè bóyá n kò rí bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jọra. N kò rí i. Ẹni tó ń wo àwòrán gbogbo ayé kì í sábà wo ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀.

Ọlọ́jà kan ṣoṣo ló ń ta kàyé ní abúlé, oríṣi kan ṣoṣo ló sì ń tà, aláwọ̀ búlúù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, mo dá kàyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi padà lẹ́yìn tí mo ti wo iṣẹ́ wọn. Nígbà tí mo délé, mo ṣí tèmi láti kọ ìbéèrè kẹfà. Lẹ́tà gàdàgbà-gadagba ni mo bá níbẹ̀, ọwọ́ àbúrò ọba lobìnrin: tèmi ni mo ti gbé fún un dípò tirẹ̀. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun ló ń ṣàkóso àwọn obìnrin ààfin. Kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó dà bí rẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo ló kù: kò tí ì lè kàwé sínú. Ohunkóhun tó bá ń kà, ìka á wà lábẹ́ lẹ́tà, ohùn á jáde, agbo ilé kẹta á gbọ́.

Mo sáré lọ bá bàbá mi lóko. Ó gbọ́ mi dópin. Ó béèrè bóyá ọba tí mo ń wí yìí ń jẹun. Mo ní rárá, inú ẹ̀rọ ló wà. Ó ní kí ló wá jẹ tó fi ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà ló wo àwọn igi kajú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, láti orí ìlà àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn.

“Ilẹ̀ yìí, ẹnu ni ààfin fi fún bàbá mi nígbà tó ti Ṣábẹ̀ dé,” ó ní. “Kò síwèé. Ẹnu náà ni wọ́n máa fi gbà á.”

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ká ní ohùn ni tèmi, ì bá sàn; tèmi wà lórí ìwé, kò fọ́, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e láti ilé dé ilé. Fún ọjọ́ mẹ́rin, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ní kíláàsì ọjọ́ Ajé, ènìyàn méje ló wá, kò sí ẹni tó béèrè ohunkóhun, ìyá náà kò sì yọjú. Mo di ẹrù mi lẹ́ẹ̀mejì láti sá lọ sí Parakou, mo tú u lẹ́ẹ̀mejì. Èmi lè sá. Igi kajú kò lè sá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin méjì dé láti ààfin lórí alùpùpù kan. Wọ́n ní wọ́n ń pè mí, kí n gbé ẹ̀rọ náà dání. Bàbá mi wọ agbádá tó fi ń kírun ọdún, ó tẹ̀ lé wa lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìyá náà jókòó sórí ẹní, ìjòyè kan láti Ilé Òkè ní ọ̀tún rẹ̀, ọ̀kan láti Ilé Odò ní òsì, kàyé mi lórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ta aṣọ sí wà, mo sì ń gbọ́ ikọ́ ọba níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní ayò tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi láti Kutọnu ni, mo sì ṣí ẹ̀rọ náà láti fi ọba inú rẹ̀ hàn wọ́n, ṣùgbọ́n n kò tí ì lọ sí Tchaourou láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bátìrì ti tán, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ìjòyè Ilé Òkè bẹ̀rẹ̀ wò ó.

“Ara mi ni mo rí níbẹ̀,” ó ní. “Ṣé èmi wá lọba tí o fẹ́ pa?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ìyá náà na kàyé sí mi. Lábẹ́ igi máńgòrò, *ẹ* ló máa ń lò fún mi nítorí pé olùkọ́ ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí mi lọ́mọ.

“Ka ohun tí o kọ,” ó ní.

*O* yẹn ló dẹ́rù bà mí ju ọ̀rọ̀ ìjòyè lọ. Mo kà á. Mo gbọ́ bí èdè mi ṣe dán, bí ó ṣe gún, bí kò ṣe sí ọ̀rọ̀ àjèjì kan níbẹ̀ tí mo lè na ìka sí pé ẹ wò ó, ilẹ̀ òkèèrè ni mo ń sọ. Nígbà tí mo dé ìbéèrè karùn-ún, ikọ́ ẹ̀yìn aṣọ dákẹ́.

“Ta ló kọ́ ọ pé ọba ń kú?” Ìyá náà béèrè.

Ó gba kàyé náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí wọ́n fún òun ní bíìkì ìkọ̀wé. Ó wá *kú* àkọ́kọ́ rí, ó fa ìlà gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ mìíràn lórí rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo wa ń wò ó.

“Àmì wo ló wà lórí *a* àkọ́kọ́?”

“Ti ìsàlẹ̀, Ìyá.”

“Èkejì ńkọ́?”

“Ti ìsàlẹ̀ náà ni.”

*Wàjà*. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kọ ọ́, kò sì yára. Ikọ́ tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ, mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ó wá sọ fún àwọn ìjòyè pé ayò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kutọnu ni, pé òun kò sì gbọ́ rí pé wọ́n gbẹ́ sàréè fún ẹni tí wọ́n pa nídìí ayò. Ìjòyè Ilé Òkè ní ẹni tó ń ta ayò kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá náà ní ìwé ti tọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí wọ́n dìde, ó fi ọwọ́ dá mi dúró, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìbéèrè kẹta yẹn, ti ìdílé méjì. Bí èsì rẹ̀ bá dé, ẹ mú un wá fún mi. Èmi nìkan.”

Ó ti padà sí *ẹ*.

Mo tún àwọn ìbéèrè náà kọ sórí ìwé mìíràn, mo fi ránṣẹ́; èsì ẹ̀gbọ́n mi dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Lórí ìbéèrè kẹta, ó ní kò sí ọ̀nà tó dájú: kí n tọ́jú eré náà pamọ́ nígbà tí ọba ṣì wà láàyè, bí àwọn ìdílé bá jà, kí n padà sẹ́yìn, kí n gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Mo gbé e lọ fún Ìyá náà. Èmi tí n kò rí ẹrù tí èdè wa kò lè gbé, mo kólòlò.

“Wọ́n ń padà sẹ́yìn?” ó béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Kí ọba tó wàjà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Ó ní kí n má ṣe kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ní ọ̀rọ̀ ìpadàsẹ́yìn yẹn.

Ọba wàjà nígbà òjò àkọ́kọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ẹni tó lọ sóko, a sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n àdá ní agbo ilé méjèèjì. Ìyá náà tẹ́ ẹní rẹ̀ sí àárín ọ̀nà tó pín wọn níyà, ó jókòó síbẹ̀. Ilé Odò ló gba oyè níkẹyìn. Agbo ilé mẹ́rin láti Ilé Òkè kó ẹrù wọn lọ sí Bétérou, wọn kò sì padà wá. Kò sí ẹni tó bi bàbá mi léèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀.

Ìyá náà ti lọ báyìí, kàyé mi kò sì padà sọ́wọ́ mi. Ó pẹ́ kí n tó ronú kan ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i lónìí, ìbéèrè karùn-ún ṣì wà níbẹ̀: *ṣé mo lè mú kí ọba tètè wàjà?* Àmì ohùn rẹ̀ pé. Ọwọ́ méjì ló kọ ọ́, tèmi àti ti àbúrò ọba.