Gíláàsì Wẹ́dà Lójú Kámẹ́rà Yísà

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni Yísà lọ́dún tí àwọn sọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá. Fótò ló ń yà, ní Ṣómólú. Wẹ́dà ni mí, ògiri kan ló la ṣọ́ọ̀bù wa láàárín. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ìdúró ló fi ń jẹun. Tó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, á máa yí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, á máa wo ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ní lójú oorun pàápàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn.

Lọ́jọ́ kan ó wá tọrọ gíláàsì dúdú tí a fi ń wo iná wẹ́dà. Ó ní òun fẹ́ fi bo ojú kámẹ́rà lọ́sàn-án gangan.

Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ.

Ohun tó fi ń ṣe rèé. Gíláàsì yẹn kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé púpọ̀, nítorí náà ó lè ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́ á hàn. Ẹni tó bá ń rìn kọjá ò ní hàn. Ó ya títì Pedro lọ́sàn-án Sátidé kan, títì náà jáde láìsí ẹyọ èèyàn kan. Adéjìmí tó ń tẹ̀wé lódìkejì wa wò ó títí, ó ní, "Yísà, ibo lo kó gbogbo wa sí?"

Àlájà Mọ́nsúrátù gbọ́. Opó ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ta ilé tí bàbá wọn kọ́, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa wó o. Sọ́ńdè ló ránṣẹ́ pe Yísà.

"Nígbà tí bàbá wọn kọ́ ilé yìí, igbó ló yí wa ká. Èmi àti ilé ni kí o yà. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀."

Fíìmù Yísà ku ojú fótò mẹ́ta, kò sì sí ibi tí wọ́n ń tà á ní Sọ́ńdè. Ilé náà kọjú síbi tí oòrùn ń wọ̀, ojú rẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀sán ló gbọ́dọ̀ yà á, ọ̀sán ni èrò sì pọ̀ jù.

Aago méjì, ó gbé àga Àlájà síwájú ilé, ó to kámẹ́rà lódìkejì ọ̀nà. Mo tẹ̀ lé e, gíláàsì mi ni mò ń ṣọ́.

"Àlájà, ẹ má mira o."

Ó ṣí kámẹ́rà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí Shakirat oníbúrẹ́dì ń kọjá. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán o, ọmọ mi. Ara ọmọ ńkọ́?" Àlájà mi orí, ó na ọwọ́, ó ṣàdúrà lé e.

Yísà fò sókè. "Àlájà, ẹ má dáhùn!"

"Kí n má dáhùn kẹ̀? Ṣé mo ti kú ni?"

Ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ó ṣí kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kejì. Adéjìmí ló dé báyìí, ó dọ̀bálẹ̀. Àlájà pa ẹnu mọ́. Adéjìmí ò dìde.

"Àlájà, kí ni mo ṣe?"

Kíá, èèyàn mẹ́jọ ti dúró tì í, wọ́n ń bá a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́, kámẹ́rà sì ń rí gbogbo wọn. Àlájà ò lè fara dà á mọ́. "Dìde jàre, fótò ni!"

Ó ku ojú kan. Yísà ń lọ, ó ń bọ̀. Mo ní, "Jókòó, o ti fẹ́ gbẹ́ kòtò sí títì." Kò gbọ́.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásàrí, Àlájà tẹ́ ẹní síwájú ilé, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ó kírun. Ó yíjú sí títì, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó mú tẹ̀súbáà. Shakirat tún ń bọ̀. Ó rí tẹ̀súbáà, ó rọra tẹsẹ̀, ó kọjá. Adéjìmí náà kọjá. Ta ló ń kí ẹni tó wà lórí ẹní àdúrà?

Yísà dúró. Ó wò mí. Ó ṣí kámẹ́rà.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi dúró bí òpó. Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Mi ò bi Àlájà bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn náà ni Yísà fọ fótò, tí ó gbé e wá, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Títì ṣófo. Ilé dúró. Àlájà jókòó níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ hàn kedere. Ọwọ́ tó ń ka tẹ̀súbáà nìkan ló dà bí èéfín.

Àlájà wò ó pẹ́. "Bó ṣe rí nìyẹn. Bàbá wọn nìkan ni kò sí."

Yísà jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé náà, tí wọ́n máa wó lọ́la. Ẹ̀kọ mẹ́ta àti mọ́ínmọ́ín tí Àlájà gbé fún un ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jẹ ẹ́ ní ìjókòó.