Ewúrẹ́ Tó Yọ Lẹ́yìn Òdòdó Àlájà

Láti ìgbà tí mo ti ń fi kọ̀mpútà tún fọ́tò ṣe ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹ̀dá kan ṣoṣo ló tíì ba orúkọ mi jẹ́, ewúrẹ́ sì ni. Inú ṣì ń bí mi díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Àlájà Sàríyù, tó ń ránṣọ ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi, ló gbé fóònù rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní òdòdó róòsì kan nínú ike ọ̀dà níwájú ilé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbìn ín fún un kó tó lọ sílé ọkọ ní Kàdúná. Gbogbo ìgbà tí róòsì yìí bá ti tanná ni nǹkan kan ń jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ Díákónì, alámùúlétì rẹ̀, ni Àlájà ń fura sí, ṣùgbọ́n Díákónì ti búra pé orí ìso ni ẹran òun máa ń wà tọ̀sán tòru. Ọ̀rọ̀ náà ti dá ìkíni dúró láàárín wọn.

"Ó tanná lónìí," ni Àlájà wí. "Mo yà á bí mo ṣe kírun Àsùbá tán. Kí n tó lọ gbé omi wá, ó ti lọ. Bá mi jẹ́ kó mọ́lẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi."

Fọ́tò náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Òdòdó pupa kan ló wà láàárín, òkùnkùn ni ìyókù.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa á kàn da ìmọ́lẹ̀ bo gbogbo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan. Àwọ̀ pupa á ṣá, ojú èèyàn á sì dà bí ẹni tó ṣubú sínú fúláwà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fọwọ́ kan ibi tó ṣókùnkùn nìkan, á máa gbé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á fi jáde. Ọ̀gá tó kọ́ mi máa ń sọ pé kí n ṣe é bí ìgbà tí a bá ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tó sùn.

Mo gbé e sókè díẹ̀, ewé yọ. Mo tún gbé e, ògiri yọ. Mo tún gbé e, ojú méjì là kedere lẹ́yìn òdòdó, ìwo tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà irùngbọ̀n. Ewúrẹ́ Díákónì ni, pẹ̀lú àkísà aláwọ̀ ewé ọrùn rẹ̀. Ó la ẹnu sílẹ̀.

"Àsítàgfirúlá!" Àlájà jókòó. "Ó ń wò mí!"

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín nù ún kúrò, mà."

"Nù ún kẹ̀? Tẹ̀ ẹ́ jáde. Kó tóbi dáadáa."

Kó tó di ọ̀sán, a ti wà ní pálọ̀ Baálé àdúgbò wa. Díákónì gba fọ́tò náà, ó wò ó pẹ́, ó wá yíjú sí mi.

"Àǹtí Fọ́tò ló fi ewúrẹ́ yìí síbẹ̀," ló wí. "Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ mi ni lóòótọ́. Níbí, bí ọmọ kan bá wà ní Èkó lọ́jọ́ tí ìdílé ya fọ́tò, èmi ni mo máa ń fi í sáàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n," ni Díákónì ń bá a lọ. "Ọ̀tan Ayégbajú ni mo wà lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wa ya fọ́tò. Ẹ lọ wò ó. Iwájú ni mo wà, mo ń rẹ́rìn-ín!"

Baálé mi orí. Èmi náà ni mo gbé bàbá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ jókòó láàárín àwọn ọmọ-ọmọ tí kò bá láyé. Fọ́tò náà wà lára ògiri lókè orí rẹ̀ gan-an, gbogbo wa sì ń wò ó.

"Mi ò fi nǹkan kan kún eléyìí, bàbá," mo ní. "Ọlọ́run ń gbọ́ mi."

"Ọmọ mi," Baálé dáhùn, "ẹni tó gbé bàbá mi dìde, kí ni ewúrẹ́ jẹ́ lójú ẹ̀?"

Bí wọ́n ṣe tú wa ká nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni èèyàn ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó tuntun kan láti Iresi ní kí n kọ́kọ́ búra pé ẹran kankan ò ní bá òun dúró nínú fọ́tò ìgbéyàwó òun. Bàbá kan gbé fọ́tò oko rẹ̀ wá pé kí n bá òun da màlúù sí i. Àwọn oníbàárà mi gidi kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Ó dùn mí wọra. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣogbo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Díákónì wọlé. Kò jókòó.

"Àǹtí, ẹ kúùṣẹ́." Ó ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀, èmi tí ọjọ́ orí mi kò ju ti àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ. "Ewúrẹ́ mi sọnù. Wọ́n ní àwọn rí èyí tó jọ ọ́ lọ́nà ìlú Ire. Mo fẹ́ lẹ fọ́tò ẹ̀ káàkiri."

"Ẹ mú fọ́tò ẹ̀ wá, sà."

Ó wolẹ̀. "Ta ló ń ya ewúrẹ́ ní fọ́tò? Ẹyọ kan tó wà náà ni èyí tó wà lọ́wọ́ yín."

"Èwo nìyẹn, sà? Èyí tí mo fi kọ̀mpútà ṣe?"

Mo ní mi ò ní tẹ̀ ẹ́ àfi bí Baálé àti Àlájà bá wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwà ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń gbóná lára mi. Wọ́n dé. Ewúrẹ́ náà wà lójú kọ̀mpútà, ó la ẹnu sílẹ̀, òdòdó wà níwájú imú rẹ̀.

Díákónì ṣí fìlà. "Ẹran mi ni," ló wí. "Àǹtí Fọ́tò kọ́ ló fi í síbẹ̀. Mi ò so ó. Bí mo bá so ó, ṣe ló máa ń ké títí. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, àwa méjèèjì la kù nílé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Baálé bẹ̀ mí níṣojú gbogbo wọn, inú mi sì dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Mo yíjú sí kọ̀mpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé òdòdó náà kúrò, kí ewúrẹ́ lè kún inú ìwé.

Àlájà dá mi lọ́wọ́ kọ́.

"Fi òdòdó sílẹ̀," ó ní. "Kí ẹni tó bá rí i lè mọ ohun tó fẹ́ràn, kó fi tàn án." Ó fa ìbòrí rẹ̀ wálé, ó wo Díákónì. "Tẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Èmi ni màá lẹ ti ọ̀nà Ire."