Orin Tí Àwáwù Fi Ń Po Òrí

Bí ẹ bá dé Tẹ̀dé, ẹ ṣáà béèrè Àwáwù olórin. Kò lówó, kò ní mọ́tò, àmọ́ kò sí obìnrin tó ń po òrí ládùúgbò rẹ̀ tí kì í fi orin rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé òun mọ orin ín ṣe, kì í sì í fi í pamọ́. Kí ló fẹ́ fi í pamọ́ fún?

Lọ́dún tó kọjá ni Débọ́lá, ọ̀dọ́ olórin kan ní Ìsẹ́yìn, gbé orin jáde. Rédíò ń kọ ọ́, ọlọ́kadà ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, Àwáwù àti àwọn ìyàwó ilé ń po òrí, ló bá gbé tirẹ̀:

*Awẹ̀wùfunfun-roko dé o,*
*Ẹ gbé ọkọ́ pamọ́,*
*Kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i láṣọ!*

Mujeebat, ìyàwó Ṣùkúrù ọmọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. “Haa, Màmá! Ẹ̀yin náà ti ń kọ orin Débọ́lá!”

Orin ta? Àwáwù ní òun lòun ṣe é, kí wọ́n tó bí Débọ́lá rárá. Àwọn ọ̀dọ́ ìyàwó ń ṣẹ́jú síra wọn. Ó dùn ún wọra. Kéèyàn bímọ tirẹ̀, kí wọ́n wá máa pè é ní ajọ́mọgbé! Láti ọjọ́ náà ni kò ti kọrin mọ́.

Ẹ̀rí sì wà ńlẹ̀ o. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Nígbà tí wọ́n gbé Àwáwù wọlé, Awẹ̀wùfunfun-roko ló sọ Ràmọ́nì, àbúrò ọkọ rẹ̀, torí ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni ọmọkùnrin náà ń wọ̀ lọ kọ ebè, kí àwọn ọmọge lè rí i. Òun ló fi orin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Ràmọ́nì ti dé Mẹ́kà báyìí, ó ń wé láwàní, ó sì ti búra pé òun ò ní dá ẹni tó bá tún pe orúkọ yẹn lóhùn láéláé. Àwáwù ò fẹ́ dójú tì í. Ó gbé ẹ̀rí mì.

Ìgbà tí Àlàájì Ràmọ́nì ò gbọ́ orin mọ́, ó yọjú sẹ́yìnkùlé. “Ìyá Ṣùkúrù, kí ló dé tí ẹ dákẹ́?”

Àwáwù ń po òrí rẹ̀ lọ. Mujeebat ló ròyìn, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ràmọ́nì tún láwàní rẹ̀ ṣe. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta lẹ rò pé orin yẹn ń bá wí? Èmi ni! Ìyá Débọ́lá bá wọn po òrí nínú ọgbà yìí kó tó kó lọ sí Ìsẹ́yìn. Ibí ló ti gbé e lọ. Ìyá Ṣùkúrù yìí gan-an ló ni ín!”

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Àlàájì fúnra rẹ̀? Inú Àwáwù dùn dé ibi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹ ṣé gan-an ni, ọkọ mi.”

“Ẹ gbé e, ká gbọ́.”

Ó gbé e, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀. “Awẹ̀wùfunfun-roko dé o!”

Àlàájì Ràmọ́nì na ọwọ́ sókè, ó dáhùn: “Óòò! Èmi rèé o!”